Ọmọ ọdún 14 tí ìyá rẹ̀ lọ sí ìlú ọba: kò jẹun mọ́, kò bá èèyàn sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àǹtí Ìsánlú kọ:

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú ojú lọ́nà àwọn èèyàn yín tó wà lókèèrè. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì fẹ́ kó di ohun tí a ó máa fi ìka àbámọ̀ bọnu lé lórí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, obìnrin, ọmọ ọdún 14. Ìlọrin ni wọ́n ti tọ́ ọ. Lọ́dún 2024 ìyá rẹ̀ rí iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú ọba. Bàbá rẹ̀ ń wa mọ́tò láàárín Àbújá àti Lọ́kọ́jà, kì í sí nílé. Bí wọ́n ṣe gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ màmá wa ní Ìsánlú nìyẹn, ó sì ti lé lọ́dún kan báyìí.

Ohun tó ń dùn mí jù ni bí ìyá rẹ̀ ṣe lọ. Òru ló lọ. Wọ́n ní ọmọ á sunkún, wọ́n bá ní kó lọ sùn, pé tílẹ̀ bá mọ́, òun àti ìyá rẹ̀ jọ máa lọ sọ́jà. Nígbà tí yóò fi jí, ìyá ti wà ní pápákọ̀ òfurufú l'Ábújá. Ìró ìyá rẹ̀ kan ló bá lórí okùn tí wọ́n sá aṣọ sí. Ó ká a, ó dì í sínú ọ̀rá, ó sì gbé e wá sí Ìsánlú. Lóṣù tó kọjá, màmá wa fẹ́ fọ̀ ọ́ mọ́ aṣọ yòókù. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ yìí já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì figbe ta débi tí àwọn ará ilé kejì fi sáré wá. Ó ní tí wọ́n bá fọ̀ ọ́, òórùn inú rẹ̀ á lọ.

Orí ń fọ́ ọ, inú ń run ún. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti yẹ ibà wò lára rẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Iyán tó fẹ́ràn bí ojú, òkèlè mẹ́ta, ó ti fọwọ́. Olùkọ́ ránṣẹ́ pé ó ń sùn ní kíláàsì, ọmọ tó jẹ́ pé ipò kìíní tàbí ìkejì ló máa ń gbà. Tí ìyá rẹ̀ bá pè, á ní, "Mo wà dáadáa, mà," á sì gbé fóònù fún màmá àgbà. Gbogbo ohun tó ń bá ìyá rẹ̀ sọ nìyẹn.

Àwọn kan nínú ẹbí ní ìwà àìgbọràn ni. Àwọn kan ní ayé ló wà nídìí rẹ̀, kí á gbé e lọ sórí òkè àdúrà, kó gbààwẹ̀ ọjọ́ 7. Ọmọ tí kò jẹun tẹ́lẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ayétòrò kọ:

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Àǹtí. Mo fẹ́ sọ tèmi, ẹ má bínú.

Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí bàbá mi ni mo ti dàgbà, ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ níbí. Bàbá mi wà ní Jọ́ọ̀sì nídìí iṣẹ́ kùsà, ìyá mi sì bá a lọ. Àsìkò Kérésì nìkan la ń rí wọn. Kò sí fóònù. Létà lè rìn títí kí ó tó débi tó ń lọ. Kò sẹ́ni tó bi wá léèrè pé báwo lọkàn yín. A pọn omi, a ro oko, a lọ sílé-ìwé, a sì dàgbà. Lójú tèmi, fóònù àti owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti òkè òkun ló ń mú ọkàn àwọn ọmọ ìsinsìnyí rọ̀ jù. Ẹ wá iṣẹ́ fún un ṣe. Á gbàgbé.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀ kọ:

Bàbá, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yà sọ́tọ̀ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yín. Ọdún pípẹ́ ni mo ti fi ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lágbègbè yìí, irú ọmọ tí Àǹtí ń sọ yìí kì í ṣe ẹyọ kan lójú mi.

Àǹtí, èmi ò rí ọmọ náà, nítorí náà mi ò lè sọ pé báyìí ni àìsàn rẹ̀ ṣe ń jẹ́. Ṣùgbọ́n orí fífọ́ tí kò ní ibà nínú, inú rírun, oúnjẹ tí kò lọ lọ́fun, oorun ọ̀sán nítorí pé kò sùn lóru, ìwé tó ń re ẹ̀yìn, ẹnu tó dákẹ́: tí gbogbo èyí bá kóra jọ tó sì kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, a kì í pè é ní àìgbọràn. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni a ó kọ́kọ́ fura sí. Ara ọmọ ló ń sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ò lè sọ. Nínú àwọn ọ̀dọ́langba mìíràn, ìbínú ló máa ń gbé wọ̀, wọ́n á máa bá gbogbo ayé jà, àwọn àgbà á sì ní ọmọ ti bàjẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú àwọn ọmọ ọdún 10 sí 19 lágbàáyé, ọ̀kan nínú 7 ló ní irú àìsàn ọkàn kan tàbí òmíràn. Ẹ wo kíláàsì tí ọmọ 42 bá wà, kí ẹ ṣírò rẹ̀.

Ẹ má gbé e lọ gbààwẹ̀ o. Ìyẹn nìkan ni mo fi ń bẹ̀ yín lórí ìkúnlẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe, á sì nira lẹ́nu yín. Ẹ jókòó tì í níbi tí kò sí ẹlòmíràn, kí ẹ bi í gbangba pé ṣé ó ti ń wá sí i lọ́kàn pé kí òun kú. Àwọn èèyàn ń bẹ̀rù pé bíbèèrè ló máa kó o sí i lórí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá ti ń rò ó tẹ́lẹ̀, ìtura ló máa ń jẹ́ fún un pé ẹnì kan béèrè. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó oògùn apakòkòrò àti gbogbo oògùn inú ilé kúrò níbi tọ́wọ́ rẹ̀ lè tó, kí ẹ sì gbé e wá sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìyá Tó Wà Ní Leeds kọ:

Mo ka ọ̀rọ̀ yìí nínú bọ́ọ̀sì bí mo ṣe ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ òru, mi ò lè pa omijé mọ́ra. Ọmọ Ìyàrà ni mí. Èmi náà lọ lóru.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó wà nílé mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí kí ẹ má baà rò pé ìyá ọmọ yẹn kò fẹ́ ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2024, àwọn tó gba fíìsà iṣẹ́ ìtọ́jú wá síbí kò lè mú ọmọ tàbí ọkọ dání mọ́. Láti oṣù Kìíní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn yìí mọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú, àfi àwọn tó wá fún ẹ̀kọ́ ìwádìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ta ilẹ̀, a ti yá owó, a ti san án fún àwọn tó ń báni ṣe ìwé, kí òfin tó yí padà mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní kí á má lọ mọ́, ta ni yóò san gbèsè náà?

Ní ti òru tí mo lọ: mo mọ̀ pé tí mo bá rí ojú ọmọ mi, mi ò ní wọ mọ́tò. Ara mi ni mo ń gbà là, mo wá ń sọ pé òun ni mò ń gbà là. Ìgbà tí mo débí ni mo mọ̀.

Àǹtí, ọ̀rọ̀ agogo tí ìyá fi ń pe ọmọ náà tún wà níbẹ̀. Láti ìparí oṣù Kẹta títí di ìparí oṣù Kẹwàá, agogo wa níbí àti tiyín jẹ́ ọ̀kan náà. Lásìkò òtútù, wákàtí 1 lẹ fi ṣáájú wa. Ìṣòro ibẹ̀ ni iṣẹ́ òru. Ìgbà tọ́mọ bá dé láti ilé-ìwé ni ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra iṣẹ́, ìgbà tí ìyá bá dé, ọmọ wà ní kíláàsì. Bẹ́ ẹ bá rí i tí ìyá rẹ̀ ń pè ní ìgbà tí kò bára mu, tó ń kánjú, kì í ṣe pé kò bìkítà.

Olùkọ́ Kàbà kọ:

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ kú àròjinlẹ̀. Kí n fi ti àwọn ọmọ tí kò ní ẹnikẹ́ni ní òkè òkun kún un, nítorí ìṣíkiri tiwa níbí kì í ṣe ti pápákọ̀ òfurufú nìkan.

Lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, àwọn ìdílé ń kó kúrò ní abà àti oko wọn ní Búnú àti Yàgbà nítorí àwọn ajínigbé, wọ́n ń kó wá sí Kàbà, wọ́n ń lọ sí Lọ́kọ́jà. Bàbá tó ní oko kajú àti iṣu wá di ẹni tó ń gba yàrá kan. Ọmọkùnrin ọdún 12 kan wà ní kíláàsì mi. Ó mọ ìṣirò. Ṣùgbọ́n tí ọ̀kadà bá ti bú lẹ́yìn fèrèsé, báírò á jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á sì wolẹ̀ sábẹ́ tábìlì kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo na ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, èmi náà sì ṣàṣìṣe níbẹ̀, nítorí ohùn pàṣán tún lé e wọ abẹ́ tábìlì. Nísinsìnyí mo ti gbé ìjókòó rẹ̀ síbi tó ti ń rí ojú ọ̀nà. Tó bá rí ọ̀kadà kó tó gbọ́ ọ, kì í bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ̀ kò tíì sọ fún un bóyá wọn yóò padà sílé àbí wọn ò ní padà. Ọmọ ń bi èmi.

Ọmọ Mọ̀pà kọ:

Ẹ kúuṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Mo ti pé ọdún 19, mo sì fẹ́ fèsì gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀, torí mi ò tíì rí ẹnì kan tó sọ ọ́ láti ìhà ibẹ̀.

Mo wà ní ọdún 11 nígbà tí ìyá mi lọ sí Dubai. Àǹtí, "mo wà dáadáa" tí ọmọ yẹn ń sọ, èmi náà sọ ọ́ fún ọdún 4. Ẹ jẹ́ kí n túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo sunkún lórí fóònù, ìyá mi náà bú sẹ́kún, dátà tán, ìpè já. Títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́ mo ń rò ó pé mo ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Láti ìgbà yẹn, mi ò sunkún sí i létí mọ́. Ọmọ ń dáàbò bo ìyá rẹ̀ ni.

Gbogbo èèyàn sì ń sọ fún mi pé, "Torí tìẹ ni ìyá rẹ ṣe ń jìyà lẹ́yìn odi." Wọ́n fẹ́ kí n kàwé ni. Ṣùgbọ́n ohun tí etí ọmọ ọdún 11 gbọ́ ni pé èmi ni mo lé ìyá mi kúrò nílé. Bí mo bá jẹun, mo ń jẹ ìyà rẹ̀. Tí mo bá gba ipò kẹfà, mo ti fi owó rẹ̀ ṣòfò. Ẹ dákun, ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ, kó jáwọ́.

Mo máa ń lá àlá pé ó ti kú, pé wọ́n ń fi pa mọ́ fún mi. Ohun tó lé àlá náà lọ kì í ṣe ẹ̀bùn. Lọ́jọ́ kan, ó ṣe ìpè fídíò, ó sì gbé fóònù yí yàrá rẹ̀ ká: ibùsùn alájà méjì tí òun àti obìnrin kan láti Kenya jọ ń sùn, òun lókè, ìkòkò kékeré tó fi ń se ìrẹsì, bàtà iṣẹ́ rẹ̀ méjì lẹ́bàá ilẹ̀kùn, fọ́tò mi tó lẹ̀ mọ́ ògiri. Mo wá mọ ibi tó ń sùn. Tílẹ̀ bá ṣú, mo mọ ibi tí mo lè rò ó sí.

Bàbá Ayétòrò kọ:

Ọmọ Mọ̀pà, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O káre.

Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ mi àárọ̀ yẹn wò. Nígbà tí mo ní kò sí ohun tó ṣe wá, mi ò sọ pé ọmọ 9 la wà nínú agbo ilé ìyá bàbá mi. Ẹni méjì ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ mi ọ̀tún, ẹnì kan sí òsì. Àbúrò bàbá mi mẹ́ta wà nínú agbo ilé náà pẹ̀lú ìyàwó wọn. Tí mo bá sunkún lóru, ọwọ́ kan á nà mí kí n dákẹ́, ọwọ́ mìíràn á fà mí mọ́ra. Ilé náà wà níbẹ̀ di òní. Ìyá arúgbó kan àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù nínú rẹ̀. Wọ́n ń ti ilẹ̀kùn ní agogo 6 ìrọ̀lẹ́ nítorí ẹ̀rù. Kò jọ tiwa, mo gbà.

Mo sì rántí àbúrò mi kan tó ń tọ̀ sílé títí ó fi pé ọdún 13. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bóyá ohun kan ṣe wá, tá ò lórúkọ fún ni.

Ìbéèrè mi sí Nọ́ọ̀sì rèé. Tí wọ́n bá gbé ọmọbìnrin yìí lọ sílé ìwòsàn ọpọlọ, àwọn èèyàn á ní wèrè ni. Ta ni yóò fẹ́ ẹ lọ́la?

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀ kọ:

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá, pé ẹ sọ ti àbúrò yín.

Ẹ̀rù yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n máa gbé ọmọ wá bá wa nígbà tó bá ti pẹ́ jù. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò ní Abẹ́òkúta. Lọ́dún 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, tó padà wá di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé, kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Àwọn abúlé tó yí Arò ká ló fi wọ́n sí, èèyàn wọn kan gbọ́dọ̀ bá wọn wá kó sì máa gbé lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á lọ gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n á padà sí àárín èèyàn lálẹ́. Dókítà tó kàwé títí dé ìlú ọba rí i pé ẹni tí ọkàn ń ṣe, ẹbí rẹ̀ jẹ́ ara oògùn rẹ̀. Ìtọ́jú kì í ṣe ìtìmọ́lé. Òfin pàápàá ti yí padà: ní oṣù Kìíní 2023 ni ààrẹ fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, ó sì gba ipò òfin 1958 tó ń pe aláìsàn ní wèrè.

Ẹni tó bá sì ń rò pé ọ̀rọ̀ ọmọ tí òbí fi sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ kò ju àròyé lọ: lọ́dún 2018, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet tẹ àkójọ ìwádìí 111 jáde lórí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àìbalẹ̀ ọkàn àti èrò ikú pọ̀ lára wọn ju àwọn tó wà lọ́dọ̀ òbí lọ. 91 nínú ìwádìí náà wá láti Ṣáínà, èyí tí òbí ń tìtorí iṣẹ́ fi abúlé sílẹ̀ lọ sí ìlú ńlá. Mo mọ̀ pé Ṣáínà kì í ṣe Yàgbà. Ṣùgbọ́n màmá àgbà, ọmọ kan, owó tó ń wọlé, ìyá tí kò sí: mo ti rí ilé yẹn níbí.

Àǹtí, ẹ mú un wá sọ́dọ̀ dókítà tó wà nítòsí yín kó kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò, títí kan ẹ̀jẹ̀, bóyá kò tó. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ìlọrin ní àwọn dókítà ọpọlọ. Kó má jẹ́ pé oògùn nìkan lẹ ó máa retí. Nínú irú èyí, ìjókòó sọ̀rọ̀ ló máa ń ṣáájú.

Ìyá Ìjọ kọ:

A ó máa gbàdúrà fún un. Kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Mo ti rí ọmọ tó dákú lórí òkè àdúrà, mi ò fẹ́ rí ìkejì.

Bàbá Ọlọ́mọ Kan, Manchester kọ:

Èmi mú tèmi dání, kí òfin tó yí padà. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà náà, ó ti di 16. Ẹ má rò pé ìyẹn náà rọrùn. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kò sọ̀rọ̀ ní kíláàsì nítorí wọ́n ń fi bó ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gé orúkọ rẹ̀ kù sí lẹ́tà mẹ́ta kí ẹnu wọn lè gbà á. Èmi àti ìyá rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ méjì méjì, a sì ń sọ fún un pé ó yẹ kó máa dúpẹ́. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Dádì, ní Ìyámoyè, tí mo bá wọlé, ẹnì kan á pè mí. Níbí, èmi ni mò ń tan iná." Mo jọ̀wọ́ ọ̀kan nínú iṣẹ́ náà lọ́sẹ̀ yẹn. Owó kò tó, ṣùgbọ́n mo wà nílé tó bá dé.

Àǹtí Ìsánlú kọ:

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní kí n padà wá jábọ̀. Ẹ ṣé, gbogbo yín.

Mo bi í ní ìbéèrè tí Nọ́ọ̀sì ní kí n bi. A wà lẹ́yìnkùlé, à ń ṣa ẹ̀fọ́. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Kò yà á lẹ́nu. Ó ní òun kò fẹ́ kú, pé ohun tóun máa ń fẹ́ ni kóun sùn kóun má tètè jí. Mo kó oògùn eku àti ti ẹ̀wà kúrò nílé síbẹ̀síbẹ̀. Òun àti èmi là ń sùn báyìí.

Mo fi ọ̀rọ̀ Ọmọ Mọ̀pà ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ó pè lọ́jọ́ Àìkú, kò kánjú. Ó ní, "Mo purọ́ fún ẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé a ò ní lọ sọ́jà. Ẹ̀rù ló bà mí, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ. Má bínú." Ọmọ dákẹ́ títí, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ó wá ní, "Aṣọ wo lẹ wọ̀ lọ?" Ìyá rẹ̀ ní ankara aláwọ̀ ewé ni. Ọmọ ní, "Mo mọ̀. Mo wá a nínú àpótí, mi ò rí i." Wọ́n sọ̀rọ̀ bí ogójì ìṣẹ́jú. Ìyá rẹ̀ ti gba ọjọ́ Àìkú àti Ọjọ́rú, agogo 5 ìrọ̀lẹ́. Ó kùnà ní Ọjọ́rú tó kọjá, ṣùgbọ́n ó ránṣẹ́ kí agogo tó lù. Ó ní iṣẹ́ ló mú òun, òun ò gbàgbé.

Orí ṣì ń fọ́ ọ. Kò tíì jẹun tó bó ṣe yẹ. Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ó fún wa ní oògùn, ó sì kọ ìwé sí Ìlọrin. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gbé wa lọ, ṣùgbọ́n mọ́tò rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Tí ẹnì kan bá ń gba Ẹ̀gbẹ̀ àti Òmù-Àrán lọ sí Ìlọrin lọ́jọ́ náà, tó máa fi òwúrọ̀ jáde, ẹ kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Mi ò fẹ́ kí alẹ́ lé wa bá lójú ọ̀nà yẹn.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀ kọ:

Ẹ mú ìwé àyẹ̀wò ibà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn dání, kí wọ́n má tún fi ibà bẹ̀rẹ̀. Tó bá fẹ́ mú ìró náà lọ, ẹ jẹ́ kó mú un. Mo ti fi nọ́ńbà awakọ̀ kan tí mo mọ̀ ránṣẹ́ sí yín, agogo 6 àárọ̀ ló máa ń kúrò ní gáréèjì.